Ọkọ̀ Onígbòkun Tó Wà Nínú Pálọ̀ Wa

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ, ohùn yín kò ní há o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi, torí ọkọ mi kì í fo ètò yín.

Aránṣọ ni mí, káfíńtà ni wọ́n. Wọ́n fọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ onígbòkun kan. Bí òjò ọdún yìí bá ti dá, àwa méjèèjì á máa bá atẹ́gùn lọ láti erékùṣù dé erékùṣù, títí òjò míì á fi dé. Inú mi ń dùn ṣìnkìn!

Kí inú ọkọ̀ lè mọ́ wa lára, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì aṣọ mi ya bí yàrá inú ọkọ̀ náà ṣe tóbi tó sílẹ̀ pálọ̀. Ibẹ̀ la ti ń jẹun, ibẹ̀ là ń sùn. Ohun tí kò bá gbà síbẹ̀, kò bá wa lọ nìyẹn. Maṣíìnì ìránṣọ mi kò gbà.

Mo ní, "Bí ìgbòkun bá ya ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣọ́ọ̀kì ti dájọ́."

Àfi bí wọ́n ṣe fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lọ́sàn-án àná, tí ikùn wọn sọdá ìlà! Mo fa téèpù yọ, mo wọ̀n ọ́n: ibi tó yọ síta ju maṣíìnì mi lọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́, nínú ikùn àti maṣíìnì, èwo ni yóò ṣọ́lé? Ẹ tètè dáhùn o, torí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọ́n ti ń yọ́ fẹsẹ̀ pa ìlà ṣọ́ọ̀kì rẹ́.