Orúkọ Tí Ẹ Ń Pè Mí

Bàbá, okun o, láti Lọ́kọ́ja títí dé Kàlàbá tí ẹ wà. Ara mi le, iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa.

Mo lọ síbi ìkómọjáde ọmọ Ìfẹ́olúwa, àbúrò mi, ní Felele ní Sátidé. Mo ra bàsíà ìwẹ̀ ọmọ dání. Ẹnu ọ̀nà ni Pius ọkọ rẹ̀ ti dá mi dúró.

“Ẹ má bínú, àǹtí. Bàbá yín ní kí apẹ̀yìndà má wọlé.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé bàsíà kalẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn padà sílé mi ní Natako. Oòrùn ò tilẹ̀ mú.

Mi ò lọ sí ìjọ Mọ́mọ́nì mọ́ torí pé mi ò gba ẹ̀kọ́ wọn gbọ́ mọ́. Ojú yín ni mo ti sọ ọ́. Mi ò bú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń pè mí ní apẹ̀yìndà, ẹ tún ní ọ̀tá Ọlọ́run ni mí. Iredélé lẹ sọ mí. Tó bá ti nira láti pè, ẹ má pè mí rárá.

Ẹ bá mi kí Màmá. Tí ẹ bá pe Ìfẹ́olúwa, ẹ bá mi kí ọmọ tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n sọ ọ́?

Iredélé