Pèrègún Mẹ́rin-Mẹ́rin Tí Dominic Gbìn

Dominic, àbúrò mi, ọdún márùn-ún pé lónìí tí o lọ. Zipporah ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ní èmi ni kí n kọ ìrántí tọdún yìí, torí èmi Monica ni ẹ̀gbọ́n rẹ, àti torí pé láàárín èmi àti ìwọ ni ọ̀rọ̀ kù sí. Mo ti jókòó láti àárọ̀ kí n lè kọ ohun tó bani lọ́kàn jẹ́, ẹ̀rín ló ń pa mí. Ẹ̀bi tìrẹ ni. Ta ló lè rántí rẹ kó má rẹ́rìn-ín?

Ọdún márùn-ún rèé tí o lọ, adìẹ ṣì ń yé sínú mọ́tò Bàbá!

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́: Sylvanus, bàbá wa, fi ọgọ́ta éékà oko kòkó sílẹ̀ lọ́nà Uso. Ilé alájà kan wà láàárín rẹ̀, pẹ̀lú ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì gbàràmù tí wọ́n fi ń sá a, àti Píjò akẹ́rù kan tí kò gbéra mọ́. Èmi ń ṣe nọ́ọ̀sì l'Ákùúrẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ l'Ọ́wọ̀ ń wáṣẹ́ ìjọba, ìwọ ní oko lo máa jókòó tì. A rò pé kòkó lo fẹ́ máa gbìn. Ìwọ! Kòkó nìkan?

O yọ ìjókòó Píjò, o tẹ́ koríko gbígbẹ sí i, o kó adìẹ wọ̀ ọ́. Bàbá ìbá jí dìde! O kọ́ ilé ìgbín, o gbàgbé láti bò ó lókè. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àwọn ìgbín gun ògiri, wọ́n bá tiwọn lọ. Ìgbín, Dominic! Ìgbín ló sá mọ́ ọ lọ́wọ́! Gbogbo Uso ló jẹ ẹran lọ́sẹ̀ náà, o sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín, o ní ó kéré tán wọ́n ti mọ̀ pé ìgbín rẹ dùn.

O sọ ilé kòkó di ilé oyin. Nígbà tí o fẹ́ kọ́kọ́ fa oyin, o pe Fádà kí wọ́n wá gbàdúrà sí i. Ta ló ní kí Fádà wọ́n omi mímọ́ sára àpótí oyin? Omi tutù ba àwọn oyin, inú bí wọn, wọ́n tú jáde. Mi ò rí kí ẹni ọgọ́ta ọdún sáré báyẹn rí, tòun ti aṣọ funfun gígùn lọ́rùn. Mọ́tò adìẹ ni Fádà sá wọ̀, wọ́n sì tilẹ̀kùn mọ́rí.

Èyí tó ya gbogbo wa lẹ́nu jù ni ti àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. O lọ kó àwọn èèyàn ńlá, ẹni tó ti ṣe dáírẹ́kítọ̀, ẹni tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé, o fún wọn lọ́kọ́, o ní kí wọ́n sanwó kí wọ́n tó lè kọ ebè. Mo ní orí rẹ ti dàrú. Ta ló máa sanwó kó tó bá ẹ ṣiṣẹ́? Wọ́n san án! Wọ́n gbé oúnjẹ tiwọn wá láti ilé, wọ́n ro oko rẹ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, wọ́n tún béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá. Tí wọ́n bá roko tán, wọ́n á bọ́ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì Bàbá, wọ́n á máa fò sókè sódò kí oríkèé wọn lè nà.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí mi ò rẹ́rìn-ín, o sì mọ̀ ọ́n.

Ìlà kòkó kan wà létí odò tí Bàbá gbìn lọ́dún tí wọ́n bí mi. Kòkó Monica ni gbogbo ilé ń pè é. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń ṣeré nígbà tí ìwọ kò tíì dáyé. Lọ́jọ́ kan Zipporah fẹnu bà á lórí fóònù pé o ti fi ayùn gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, kò mọ̀ pé mi ò tíì gbọ́. Mo pè ọ́. O ní, “Sístà mi, wọ́n ti darúgbó, wọn ò so mọ́. Mo gé wọn kí wọ́n lè hù padà ni. Ẹ jẹ́ kí òjò ọdún méjì rọ̀ sí i, kí ẹ wá wò ó.” Mi ò fẹ́ gbọ́. Mo ní kí o má pè mí mọ́. Mo ní ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ oko yẹn mọ́ láyé.

Agídí ni mí, gbogbo yín mọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mi ò fi bá ọ sọ̀rọ̀. Gbogbo Kérésì lo ń fi ìgò oyin ránṣẹ́, mo sì ní kí wọ́n sọ fún ọ pé mo dà á nù. Irọ́ ni. Mo jẹ ẹ́. Mo fi jẹ búrẹ́dì, mo lá ìdí ìgò.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí pé ọkàn rẹ dá dúró lójijì láàárọ̀, níbi tí o ti ń bọ́ adìẹ. Mi ò dágbére fún ọ. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n sin ọ́ sí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wá síbẹ̀, mo sọkún, mo sì padà s'Ákùúrẹ́ láìdé oko.

Ọdún kan lẹ́yìn rẹ, mo ní kí a ta oko náà. Jẹ́ kí n sọ òótọ́: inú oko náà ló ń bí mi, bí ẹni pé òun ló gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Zipporah ní ohun tí àgbà bá sọ ni. Tiwátọ́pẹ́, ọmọbìnrin rẹ, tó ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kí iṣẹ́ rẹ má baà dúró, kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, ó sunkún. Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ọkùnrin kan láti Àkúrẹ́ fẹ́ rà á, kó gé e sí púlọ́ọ̀tì fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ọjọ́ tí awọnlẹ̀ rẹ̀ máa wá wọn ilẹ̀ ni mo ní èmi fúnra mi ló máa fi ààlà hàn wọ́n.

Kí ló tún lè ṣòro níbẹ̀? Gbogbo ọmọ tó mọ oko ló mọ̀ pé pèrègún ni ààlà. Mo ká ìró mi sókè, mo ṣíwájú. Mo rí pèrègún kan, mo ní, “Ẹ wọ̀n ọ́n láti ibí.” Mo rí òmíràn lọ́wọ́ ọ̀tún, a yà sí i. Mo rí ìkẹta, mo rí ìkẹrin, mo ń na ọ̀pá sí wọn bí ọmọ onílẹ̀. Kò pẹ́ tí a tún bá ara wa níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Awọnlẹ̀ wo ìwé rẹ̀, ó wojú mi, ó ní, “Màmá, ọgọ́ta éékà lẹ pè é. Èyí tí a yípo yìí ò tó éékà kan.” Ọkùnrin Àkúrẹ́ ti ń fajú ro, ó rò pé mo fẹ́ lu òun ní jìbìtì. Tiwátọ́pẹ́ fi gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀!

A ránṣẹ́ pe Kàsúmù, ọ̀rẹ́ rẹ, káfíńtà tó ń gbé nítòsí mọ́ṣáláṣí nígboro Ọ̀wọ̀, òun ló kan gbogbo àpótí oyin rẹ. Ó gun ọ̀kadà dé, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó di ikùn mú. “Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn kì í ṣe ààlà ilẹ̀. Ààlà oyin nìyẹn!” Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé nígbàkigbà tí o bá ti bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun, pèrègún mẹ́rin lo máa ń rì sí igun rẹ̀. “Ó ní òun mọ ara òun,” Kàsúmù wí. “Ó ní tóun ò bá pààlà fún wọn, ìgbín á gba ilẹ̀ oyin, oyin á gba ilẹ̀ adìẹ.” Ibi méje ni o ṣe bẹ́ẹ̀ sí nínú oko kan ṣoṣo. Dominic! Ta ló ń ṣe báyẹn?

Kàsúmù ní òun mọ ojúlówó ààlà, pé etí odò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣíwájú, a tẹ̀ lé e. Bí a ṣe ń sún mọ́ odò ni mo rí i pé ọ̀nà ibi tí mo búra pé mi ò ní dé mọ́ la forí lé. Pèrègún mẹ́rin tún wà níbẹ̀, wọ́n ga ju tàwọn tó kù lọ. Àwọn ìyá méjì tó ti fẹ̀yìn tì ń tu koríko láàárín wọn. Mo fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀kan nínú wọn pariwo, “Màmá, ẹ rọra tẹlẹ̀ o! Kòkó Monica lẹ fẹ́ tẹ̀ yẹn!”

Mo dúró. Mo wolẹ̀. Kùkùté àtijọ́ wà níbẹ̀, ojú ibi tí ayùn gbà ṣì hàn. Láti ara kùkùté kọ̀ọ̀kan, igi tuntun méjì tàbí mẹ́ta ti yọ, wọ́n ti ga jù mí lọ, ewé orí wọn pupa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n sì ti so! Èso kòkó aláwọ̀ ewé, èso tó ti ń pọ́n, ibi tí òmíràn so sí lára igi ò ga ju orúnkún mi lọ. Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi mọ́kàndínlógún ni Bàbá gbìn, mọ́kàndínlógún ló hù padà. O kò purọ́ fún mi. Òjò ọdún méjì lo ní kí n dúró dè, mi ò lè dúró de ọ̀kan.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun tìró mi, mo sunkún débi pé àwọn ìyá wọ̀nyẹn ju ọkọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo dìde, mo bẹ ọkùnrin Àkúrẹ́ pé kó má bínú, mi ò nílẹ̀ tí mo fẹ́ tà. Ó bínú lọ. Lóṣù kejì, òun náà ló fi mọ́tò gbé ìyá tirẹ̀ wá kó wá kọ ebè.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ròyìn gbogbo rẹ̀ tán? Zipporah ti pààrọ̀ páànù ilé alájà, omi ò wọ yàrá òkè mọ́. Olúwaṣeun, àkọ́bí rẹ, ti gbéyàwó l'Ábújá, ó ti bímọ. Orúkọ rẹ lọmọ náà ń jẹ́, ìwà rẹ ló sì ń hù: nígbà tó wá l'Ọ́jọ́ Àjíǹde, ó bu omi ọbẹ̀ fún adìẹ mu. Tiwátọ́pẹ́ ti fi nẹ́ẹ̀tì bo ilé ìgbín. Kò sí èyí tó tún sá lọ, àwọn ará Uso ní kò dáa bẹ́ẹ̀. Ó fi àwòrán rẹ sára ìgò oyin, èyí tí ẹnu rẹ fi là gbàgà yẹn. Mo ní kó wá òmíràn tó níyì, kò gbọ́. Ọmọ ta ni?

Èmi náà ti fi Àkúrẹ́ sílẹ̀. Yàrá òkè ni mò ń gbé. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo máa ń gbé ẹ̀rọ mi sábẹ́ igi obì, kí n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kí wọ́n tó mú ọkọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ga, mo lé e padà sórí àga, wọ́n ń bẹ̀rù mi ju bí wọ́n ṣe bẹ̀rù rẹ lọ. Ìyẹn ni ohun kẹjọ tí a ń fi oko Bàbá ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbin pèrègún mẹ́rin tèmi sí i. Rẹ́rìn-ín bó bá wù ọ́!

Láàárọ̀ yìí a ṣe Mísà fún ọ. Kàsúmù ṣe sàárà tirẹ̀ nígboro, ó ní ọ̀rẹ́ òun ni, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ òun. Fádà wá sóko lẹ́yìn Mísà. Wọ́n gbàdúrà láti ọ̀ọ́kán, wọn ò mú omi mímọ́ dání.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, Dominic, tí ó yẹ kí n ti fi fóònù sọ nígbà tí o lè gbé e. Ọdún mẹ́ta tí a lè fi jọ máa rẹ́rìn-ín, èmi ni mo fi agídí bà á jẹ́, kì í ṣe ìwọ. Mò ń sọ ọ́ lónìí níṣojú ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ rẹ, níṣojú gbogbo ọmọ Ọ̀ghọ̀, Ọ̀wọ̀ ìlú wa, tó bá ka ìwé yìí. Àárò rẹ ń sọ wá. A fẹ́ràn rẹ, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ jù wọ́n lọ. Ìwọ lo jàre, àbúrò mi. Láti ọjọ́ yẹn, ìwọ lo jàre.