Òwò Máásà Ìyá Rẹ Ti Di Ẹni Ọ̀tọ̀

Òkìkíọlá ọmọ mi,

Ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ ni àwọn ènìyàn tó ní iṣẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi ọjọ́ ìsinmi kọ́ àwọn oníṣòwò àdúgbò bí a ṣe ń tọ́jú òwò, láìgba kọ́bọ̀. Mo kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí kí o má baà rò pé ẹgbẹ́ òṣèlú ni èmi àti ìyá rẹ wọ̀. Báwo ni Àbújá? Ọlọ́run tó jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ rélùwéè fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n láìsí ìjàǹbá yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. A wà dáadáa ní Kpakungu, àfi orúnkún ìyá rẹ, nítorí ojoojúmọ́ ló ń ru ìrẹsì tó fi ń dín máásà, àkàrà ìrẹsì tó ń tà, sọdá títì lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́.

Ẹgbẹ́ yìí ní àwọn yóò fún oníṣòwò kan ṣoṣo ní ẹ̀rọ tí ń lọ ìrẹsì. Rumaysa, ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa, ní òwò ìyá rẹ kì í ṣe ìyá rẹ, ẹni ọ̀tọ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ mú nǹkan rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yé mi kíákíá. Ọkọ̀ méjì kò gbọ́dọ̀ wà lójú irin kan náà. Ilé wa ni ọkọ̀ kan, òwò máásà ni èkejì.

Nígbà tí bánkì béèrè fọ́tò kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún òwò náà, mo gbé páànù máásà lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò ní Tunga. Mo ní kó yà á láti iwájú, kí etí rẹ̀ méjèèjì hàn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ya pásípọ́ọ̀tù. Akọ̀wé bánkì wo fọ́tò náà, ó wò mí, ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní ojú ìyá rẹ ni àwọn ń fẹ́. Mo fi sùúrù ṣàlàyé pé alágbàtọ́ lásán ni ìyá rẹ. Níkẹyìn wọ́n gba fọ́tò tirẹ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi so ti páànù mọ́ ọn.

Arifah aládùúgbò wa wá kí wa, ìyá rẹ fẹ́ bu máásà fún un, mo ní kó sanwó. Arifah ní haba, Baba, ó bi mí bóyá inú yàrá ni òwò náà wà, kí òun wọlé lọ bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ ní màá lé ènìyàn tán lọ́dọ̀ òun, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní Sátidé, Rumaysa àti ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá náà nawọ́ sí máásà gbígbóná, ó ní òun fẹ́ tọ́ ọ wò. Ìyá rẹ ń fi ojú bẹ̀ mí. Mo gbé ọwọ́ sókè bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró, mo ní kì í ṣe tèmi, kì í ṣe ti ìyàwó mi, kí wọ́n sanwó fún ẹni tó ni ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ilé mẹ́sàn-án ni àwọn ti jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ kí àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwa nìkan ló gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́ wa. Wọ́n sanwó, wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ìyá rẹ kò ní sọdá títì mọ́. Ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀.

Owó tí mo fẹ́ tọrọ kì í ṣe tèmi. Nígbà tí o wálé kẹ́yìn, o jẹ máásà mọ́kànlá, mo wà níbẹ̀. Ọlọ́run yóò fún ọ ní èyí tí o máa san àti èyí tó máa ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́. Nọ́ńbà àkáǹtì òwò náà wà lẹ́yìn ìwé yìí. Kí o tó fi ránṣẹ́, wo orúkọ tó bá jáde lórí fóònù rẹ dáadáa: tí kò bá jẹ́ Mofọláyọ̀ Máásà, má tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèbọ̀dé