Kí Adájọ́ Ka Èmi Náà Mọ́ Ẹrù

Ìtapàjí-Èkìtì

Fọláhàn ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Àbújá tí wọ́n ní kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ara mi le, àfi orúnkún. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ mi níbí ni yóò máa ṣọ́ ọ níbẹ̀. Páànù tí o rà ti dé, wọ́n ti kàn án sórí ilé, òjò sì rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, n kò gbé bàsíà kankan sílẹ̀ láti gba omi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú. O ṣeun, ọmọ mi, o káre.

Ìyàwó rẹ Ìdùnnú wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun wá dágbére ni. Ó ní ẹ̀yin méjèèjì ti gbà kí kóòtù tú yín ká, kì í ṣe ìjà, ó kàn ti sú yín ni, lọ́yà sì ti sọ pé gbogbo ohun tí ẹ jọ ní láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ra ni wọ́n máa pín sí méjì ọgbọọgba. Ẹ̀rù bà mí. Kíá ni mo da àwọn ewúrẹ́ tí o rà fún mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi Láyí ní Ìpaò, nítorí n kò mọ irú ọ̀bẹ tí lọ́yà ń mú dání. Fóònù yìí náà ń dà mí láàmú. Ìdùnnú ló ra fóònù, ìwọ lo ra káàdì inú rẹ̀. Bí wọ́n bá pín in, ṣé apá tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ni yóò jẹ́ tìrẹ, àbí apá tí mo fi ń gbọ́? Mo ti wé e sínú aṣọ, mo rì í mọ́ inú ìrẹsì. Bí o bá pè tí n kò gbé e, má bínú, a ń sá fún kóòtù ni.

Mo bi Olúsọjí, akọ̀wé ìjọ wa, ó ní kóòtù ìbílẹ̀ a máa ní kí wọ́n dá owó orí padà. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé o ti gbàgbé ọjọ́ ìdána ni? Àwọn àna wa ní Ìlógbò gba owó orí náà, wọ́n sì dá a padà fún mi lójú gbogbo èrò, wọ́n ní àwọn kì í ta ọmọ, kí n sáà máa ṣe bàbá rẹ̀. Kí ni wọn yóò wá dá padà? Ìwọ lè kọ Ìdùnnú sílẹ̀. Èmi kò rí ẹnu tí n óò fi kọ̀ ọ́.

Nígbà tí ojú mi fẹ́ fọ́, ìwọ lo fi owó iṣẹ́ abẹ ránṣẹ́, Ọlọ́run yóò san án fún ọ. Ṣùgbọ́n Ìdùnnú ló sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní ọsibítù, títí wọ́n fi tú báńdéèjì. Òun ni mo kọ́kọ́ rí. Ojú yẹn náà ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Lọ́jọ́ tó wá dágbére yẹn, ó gbá àgbàlá mi kó tó gun ọ̀kadà, mo jókòó, mo ń sunkún bí ọmọdé. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, pé n kò ní í rí i mọ́.

Mo wá rò ó dáadáa. Ká ní Ọlọ́run ti fún yín lọ́mọ ni, ọmọ ni ẹ̀ bá máa dù. Kò sí ọmọ, ṣùgbọ́n bàbá wà. Kí ẹ tó fẹ́ra, ìwọ nìkan lo ni mí, àmọ́ láti ọjọ́ ìdána, ẹ jọ ni mí ni. Sọ fún lọ́yà kó kà mí mọ́ ẹrù tí wọ́n fẹ́ pín. Ìwọ mú mọ́tò, mú fíríìjì, mú tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n fi mí sí ìpín Ìdùnnú. Bí adájọ́ bá ní n kò tó ìdajì, nítorí mo ti gbó, kó fi ilé Àbújá lé mi kó lè dọ́gba. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Ẹ̀jẹ̀ mi ni ọ́, kò sí kóòtù tó lè tú àwa méjèèjì ká. Òun ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ mi.

Jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kó o fi ti bàtà kún un, kí n wá jókòó láàárín ẹrù lọ́jọ́ ìpín kí adájọ́ lè fojú rí mi. Ọ̀nà rẹ kò ní dí, ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo, ọjọ́ ogbó rẹ yóò ní ẹni tí yóò sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, títí wọn yóò fi pín mi.