Bátìrì Mọ́tò Mi àti Ojú Ìyá Rẹ

Ìsólò-Òpin,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Abúja fúnra rẹ̀ tó gbà yín sílé. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín. Ara wa le, iṣu ta dáadáa, wàhálà mọ́tò nìkan ló fẹ́ gba ẹ̀mí mi.

O mọ̀ pé àwọn dókítà ojú ní àwọn ń bọ̀ wá sí Òmù-Àrán ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n á fi ṣe ojú, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí kò bá débẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ojú ìyá rẹ ti ṣú, ìbàdí rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè gun ọ̀kadà, mọ́tò wa nìkan ló kù. Mọ́tò náà wá ya alágídí. Bí mo bá gbé bátìrì lọ ṣáàjì ní Òsí, lónìí á jí, tó bá di ọ̀la á kú fin-ín-fin-ín. Kì í ṣe pé mi ò tọ́jú ẹ̀ o. Orí rẹ̀ hu nǹkan funfun, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín ìyá rẹ ha á, jọ̀ọ́ má sọ fún un. Akọ́ládé aládùúgbò wa ní kí n ra tuntun. Mo ní ṣé torí pé ọmọ ẹni ń sunkún, ká lọ ra ọmọ míì?

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni adìyẹ dúdú ìyá rẹ lọ yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò, ó sì sàba. Ìyá rẹ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé adìyẹ tó sàba kúrò lójú ẹyin. Mo bá fi igi há ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó má pa dé, kó lè máa jáde lọ jẹun. Ọmọ mi, mọ́tò yìí láàánú ju ènìyàn lọ! Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, ó tan iná kékeré kan sókè orí adìyẹ, tọ̀sán tòru kò pa á. Mo ní ẹ wo oore Olúwa, ejò kò ní lè débẹ̀.

Ọjọ́rú, mọ́tò tún kọ̀. Ìyá rẹ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Mo ránṣẹ́ pe Ọmọ́níyì, rìwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní Òsí. Wọ́n ti mọ́tò títí ó fi jí, Ọmọ́níyì wá ki abẹ́rẹ́ méjì ẹ̀rọ tó fi ń wọn iná mọ́ orí bátìrì bíi nọ́ọ̀sì. Mo béèrè pé mélòó ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní mẹ́rìnlá, pé ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná le koko. Mo ní Olúwa ṣeun, tèmi ọgọ́jọ ni. Ó pa mọ́tò, ó tún wọ̀n ọ́n, ó ní nǹkan kan ló ń mu iná bátìrì nígbà tí mọ́tò bá sùn. Inú bí mi. Mo ní kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀, nínú ilé èmi wọ́dìn ìjọ, ta ni yóò máa jí iná?

Ibi tó ti ń wá olè kiri ló ti sún mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Adìyẹ fẹnu sọ ọ́ lọ́wọ́. Ó pariwo, ó wòkè, ó rí iná, ló bá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní iná àánú yẹn ló ń fa bátìrì gbẹ. Ó yọ gílóòbù kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ó gbé bátìrì lọ ṣáàjì, iṣu méjì péré ló gbà.

Ọjọ́bọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn! A gbéra, tàwa tadìyẹ, nítorí ta ló tó gbé e? Wọ́n ṣe ojú ìyá rẹ, a sùn síbẹ̀, wọ́n tú báńdéèjì lọ́jọ́ kejì. Ó wò mí títí. Ó ní ta ni bàbá arúgbó yìí. Nígbà tó gbọ́ ohùn mi, ó ní irun mi funfun tó báyìí, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún òun. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo sunkún.

Owó bátìrì tí o ṣèlérí, má dá a dúró o. Ìyá rẹ ti rí ògiri pálọ̀ wa, ó ní ọ̀dà la máa fi owó náà rà dandan. Ṣùgbọ́n bí owó bá pẹ́, ìwọ má pẹ́. Joy ọmọ rẹ, ọjọ́ ìkómọ ni ìyá rẹ gbé e mọ, ìka ló fi ń tọ imú rẹ̀ kó lè mọ bó ṣe rí. Olúwa á mú yín dé láyọ̀. Ẹ tètè máa bọ̀, torí láti ìgbà tí a ti dé, gbogbo ọmọ tó bá ń kọjá lójúde ni ìyá rẹ ń pè, ó ń wojú wọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olóyèdé.