Kọ́sítọ́ọ̀mù Ojú Ọ̀run àti Adìẹ Kùdírátù

Jímọ̀, 2 Méè 2025
Mo sùn lábẹ́ tábìlì ní ọjà Kejetia. Mo ru ẹrù títí orí fi pá. Ìjọba Gánà lé àwa àlejò ní 1969 – mo padà wá. Ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù jóná lẹ́ẹ̀mejì. Kíláàsì kejì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Lónìí, ilé méjì ni mo kọ́ sí Sawaba, ní ìgboro Kumasi. Ẹnikẹ́ni ò ràn mí lọ́wọ́. Èmi Àbúdù ni mo gbé ara mi dìde.

Mo ti wá di àgbẹ̀ báyìí, lábúlé lẹ́yìn Kumasi. Òní ni mo ra ọmọ tòlótòló mẹ́wàá – ẹyẹ òkè òkun, kì í ṣe adìẹ tó ń tan ilẹ̀ kiri. Mo ní kí Kùdírátù ìyàwó mi ta àwọn adìẹ ìbílẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n má kọ́ tèmi níwàkiwà. Ó tà wọ́n, ó ku ẹyọ kan tó ń sàba. Mujeeb ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù: bí àwọn ẹyẹ yìí bá kú tán, kí n padà sí Sawaba wá jókòó sójú kan bí àgbà. Mo ní mo gbà. Èmi, jókòó sójú kan!

Sọ́ńdè, 4 Méè
Àṣá gbé ọ̀kan. Gbangba ni mo dá wọn sí, kí gbogbo abúlé lè rí wọn.

Mọ́ńdè, 5 Méè
Ó tún gbé ọ̀kan. Mo ti sọ ọ́ ní Kọ́sítọ́ọ̀mù – kò ṣòwò, àmọ́ ó ń gba tiẹ̀. Àwọn adìẹ aládùúgbò ti wà lábẹ́ ẹ̀gẹ́ kó tó balẹ̀. Tèmi ń wò ó bí ẹni ń wo ọkọ̀ òfuurufú.

Tùsìdeè, 6 Méè
Mo mú kànnàkànnà, mo fi òkò sí i. Maame Bridget onílẹ̀ wa di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Àlàájì, ẹbí wa nìyẹn. Ta ló ń sọ onílẹ̀ lókò?” Ìdílé Oyoko ni wọ́n, àṣá sì ni àmì wọn. Mo ju òkò nù. Mo kí Kọ́sítọ́ọ̀mù pẹ̀lú, nítorí orí ilẹ̀ wọn ni mo wà.

Àlàmísì, 8 Méè
Wọn kì í lọ oko lọ́jọ́ òní níbí. Ilẹ̀ ń sinmi. Kọ́sítọ́ọ̀mù ò sinmi. Ó gbé méjì. Ó ku mẹ́fà. Mujeeb ní òun ti gbá yàrá mi ní Sawaba. Mo pa fóònù.

Jímọ̀, 9 Méè
Òjò ba ẹyin adìẹ Kùdírátù jẹ́. Mo ti ìrun Mágàríbì dé, mo bá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lábẹ́ adìẹ náà – Kùdírátù ló kó wọn síbẹ̀! Mo bínú. Ọmọ òkè òkun, lábẹ́ adìẹ abúlé?

Ó ní, “Baba Mujeeb, ta ló tọ́ ẹ̀yin náà ní Kejetia?”

Maame Dòkónù ni. Ara Àṣáńtì. Abẹ́ tábìlì rẹ̀ ni mo sùn, dòkónù àgbàdo tó ń tà ni mo jẹ.

Sọ́ńdè, 11 Méè
Kọ́sítọ́ọ̀mù dé. Adìẹ ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sá wọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, ìdí wọn yọ síta. Kọ́sítọ́ọ̀mù lọ lọ́wọ́ òfo. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi.

Sátidé, 17 Méè
Mujeeb wá. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́fà. Mo ní ọgbọ́n orí mi ni. Kùdírátù wò mí. Mo ní ó dáa, ọgbọ́n ìdílé wa ni.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́jọ́ Àlàrúbà, mò ń lọ kó bẹ́ẹ̀dì mi ní Sawaba wá síbí. Màá yà ní Kejetia, kí n wádìí àwọn ọmọ Maame Dòkónù. Bí mo bá rí wọn, màá sọ fún wọn pé tòlótòló kan ń dàgbà dè wọ́n. Èyí tó tóbi jù.