Ìyá Oníwèé Ìsìnkú ti Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-èdè

Yàrá ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n bí ìyá wa sí ní ọdún 1946. Bàbá wọn ń to lẹ́tà níbẹ̀. Ìyá wọn ń ránṣọ. Ìwé mẹ́fà péré ni wọ́n kà kí bàbá wọn tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Èyí tó kù, fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ọ.

Ní 1965, Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-èdè gbà wọ́n síṣẹ́. Òfin ní kí ẹ̀dà méjì ohunkóhun tí a bá tẹ̀ nílẹ̀ yìí wá síbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń dúró de ìwé ńláńlá. Ìyá wa ní òfin kò yọ ìwé ètò ìsìnkú sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ síbi òkú ẹni tí wọn kò mọ̀ rí nìyẹn. Opó kan wò wọ́n títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mélòó lẹ bí fún un?" Ìyá wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé ni mo wá gbà. Ẹ máa jẹ ogún yín lọ."

Ní 1971 wọ́n fẹ́ bàbá wa, káfíńtà tó wá kan pẹpẹ ìwé níbẹ̀, tí iṣẹ́ kékeré di oṣù gbọọrọ mọ́ lọ́wọ́ nítorí ìyá wa.

Wọn kì í pa ìsìn jẹ. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń sáré lọ, nítorí yàrá àwọn ìwé ìsìnkú náà ń jò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wá wo àwòrán bàbá tó bí wọn tí wọn kò mọ̀. Ọ̀gá àgbà kan ní kí wọ́n kó "bébà òkú" dànù. Ọ̀gá náà wà láàárín wa lónìí. Ẹ kú ìjókòó, sà. Ìyá wa ní, "Bẹ́ẹ bá ń kó wọn, ẹ kó èmi náà mọ́ wọn." Ọ̀gá fi àwọn ìwé náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún òrùlé ṣe.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2006, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń lọ gbé abọ́ síbi tó ń jò. Ó rẹ̀ wọ́n. Ó rẹ àwa náà láti máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó sílé.

Lọ́dún tó kọjá, ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán nígbà tí àbúrò wa obìnrin mú wọn lọ wo páànù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn sórí yàrá ìwé náà. Òjò ń rọ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri láti igun kan dé èkejì. "Ó gbẹ," ni wọ́n wí. "Ẹ fún mi ní àga."

Bàbá wa, àwa ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n fi sáyé lọ.

Màmá, bí òjò bá tún ṣú, ẹ má dìde mọ́. Ẹ sinmi ire.